Ìdérí Tí Elétí-Ehoro Kò Dé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má ka ìdajì kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí títí débi tí ọwọ́ òsì ti wọ̀ ọ́.

1.
Ẹnjiníà kan wà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní Elétí-Ehoro. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti ṣe ẹ̀rọ kékeré tó máa ń wà nídìí eríàlì rédíò, tó ń gba ohùn tó ti rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, tó sì ń gbé e sókè láìfi ariwo tirẹ̀ kún un. Ká má parọ́, ó mọ iṣẹ́ yẹn dunjú.

Ilé iṣẹ́ tó ń gba àwọn tó bá kó sínú ewu lórí òkun ní kó ṣe ọ̀kan fáwọn. Inú rẹ̀ dùn, torí apẹja ni àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ kan ṣoṣo.

"Ẹ̀gbọ́n, tí mo bá ké lójú omi, ṣé wọ́n á gbọ́?"

"Bó o bá kàn sín, wọ́n á gbọ́."

2.
Ó ṣe é tán, ó wọ̀n ọ́n lórí tábìlì láìdé ìdérí irin rẹ̀. Ariwo rẹ̀ kéré débi pé ó kọ nọ́ńbà tó fi wọ̀n ọ́n gàdàgbà sára pátákó ọ́fíìsì. Obìnrin kan wà tó máa ń yẹ iṣẹ́ wò kó tó jáde. Ó ní:

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dé e, ká gbé e sínú fíríìjì, ká tún un wọ̀n. Tí òtútù bá mú ẹ̀rọ tó lágbára báyìí, agbára rẹ̀ á tún lé sí i. Ohùn tó ti jáde lè kọlu ìdérí, kó padà wọlé, kí ẹ̀rọ wá máa han gooro fúnra rẹ̀."

"Fíríìjì kẹ̀? Ṣé ẹlẹ́rìndòdò ni mo ṣe ni?"

"Tó bá han, resístọ̀ kan péré, ìyẹn ẹ̀yà kékeré tó ń dín agbára iná kù, la máa fi pa á lẹ́nu mọ́."

"Kíyẹn wá fi ariwo kún un, kí nọ́ńbà mi bàjẹ́? Rárá o."

Elétí-Ehoro kọ etí ikún sí i. Ó fọwọ́ síwèé pé òun ti yẹ ẹ̀rọ náà wò fúnra òun. Ọ̀sán gangan tí ooru mú ló lọ gbé e sórí òpó létíkun, ó dé e, gbogbo nǹkan ń lọ geere. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

3.
Láàárọ̀ ọjọ́ kan, òtútù mú. Àbúrò dá wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ nígbà tí okùn irin tó fi ń fa àwọ̀n wé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó sì rún un. Ó fi ọwọ́ òsì mú rédíò, ó ń ké pé, "Ẹ gbà mí o! Ẹ gbà mí!"

Létíkun, òṣìṣẹ́ tó ń tẹ́tí kò gbọ́ ju ariwo tó ń han gooro lọ. Ó rò pé ojú ọjọ́ ló fà á. Ìrọ̀lẹ́ ni apẹja mìíràn tó ó rí ọkọ̀ náà. Ọwọ́ ti kọjá àtúnṣe. Dókítà gé e.

4.
Wọ́n tú ẹ̀rọ sílẹ̀, wọ́n gbé e sínú fíríìjì tòun tìdérí. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í han. Wọ́n lé Elétí-Ehoro lẹ́nu iṣẹ́. Ìyẹn dùn ún, àmọ́ ohun tó gbọ́ nígbà tó lọ wo àbúrò rẹ̀ lọ́sibítù ló pa á lẹ́kún.

"Mo ké, ẹ̀gbọ́n. Mo ké títí ohùn mi fi há."

Elétí-Ehoro bu omi sínú ife, ó nà án sí i. Àbúrò gbà á.

"Ẹ má bínú pé ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á lọ́wọ́ yín. Òun ló kù."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, iṣẹ́ yòówù kẹ́ ẹ máa ṣe, tẹ́nì kan bá ní kẹ́ ẹ dé e kẹ́ ẹ tún un wò, ẹ tún un wò. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó mọṣẹ́ jù. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀.