Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Kò sí apànìyàn tí Walenty Gorczyca kì í dá mọ̀ kí eré ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú rédíò tó parí. Ogún ọdún ni bàbá náà fi wa ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní Ṣìkágò. Nígbà tí orúnkún kọ̀ṣẹ́, tí ìyàwó rẹ̀ sì kú, rédíò ló kù tó ń bá a sọ̀rọ̀. Bó bá di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ìlẹ̀kùn á dún kẹ̀ẹ̀ nínú rédíò, bàtà á máa ró kò-kò-kò nínú òjò, Walenty á sì nàka sí rédíò.

"Akọ̀wé yẹn ni. Ọwọ́ ẹ̀ ò mọ́."

Ọ̀rọ̀ Bronia, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ni kò yé e. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán ọjọ́ Àìkú tán, ó ti wọ kóòtù, ó di òde. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ rárá. Omi gbígbóná àti oyin ló máa ń mu. Bó bá dé, kóòtù rẹ̀ á máa rùn sìgá, bẹ́ẹ̀ ni kì í mu ún.

"Ta lò ń lọ bá?"

"Ọ̀rẹ́ mi ni, Bàámi."

"Ọ̀rẹ́ tí ò lórúkọ?"

Bronia rẹ́rìn-ín, ó sì jáde.

Stasia, aládùúgbò wọn, gbé ọbẹ̀ kábéèjì wọlé. "Walenty, ìwọ tó ń mú apànìyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀! Ẹni tó ń jí ọmọ ẹ gbé lójú ẹ, o ò rí i mú?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lára. Bí Stasia ṣe lọ tán, ó wọ yàrá Bronia, ó tú àpò aṣọ rẹ̀. Ó rí ìwé kékeré kan tí wọ́n fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ. Èdè Pólàǹdì ni wọ́n ń sọ nílé, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ló fi kà á: "Aago mẹ́ta gééré. Má ṣe pẹ́ mọ́. Ìwọ nìkan ni mo fẹ́."

Ó fa báàgì jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù ọmọ náà.

"Kó máa tẹ̀lé ọkùnrin ẹ̀ lọ. Kò ní sùn níbí lónìí."

Eré ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Ó ń rìn lọ, ó ń rìn bọ̀. Síbẹ̀, kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé opó olówó kan nínú eré náà ni apànìyàn. Nígbà tí ọwọ́ tẹ opó náà, ó fi Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọlọ́lá bẹ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ pé: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún bàbá mi."

Walenty dúró. Àánú obìnrin náà ṣe é, ó fi ọwọ́ nu ojú. Lẹ́yìn náà ló gbé báàgì, ó mú ọ̀nà ẹnu ìlẹ̀kùn pọ̀n láti gbé e síta.

Ọjọ́ mìíràn, á ti pa rédíò kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti ń ka orúkọ àwọn òṣèré, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ẹrù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti kọjá ẹnu ọ̀nà, nígbà tí olùkéde, tí ahọ́n rẹ̀ kọ́kọ́ kọsẹ̀ lára orúkọ náà, sọ pé ẹni tó ṣe opó ni Bronia Gorczyca.