Ọkọ̀ tí Gààrí Fọ́

Mọ́nsúrù ará Ìjemọ̀ kò jalè, kò mutí, kò sì na ìyàwó rẹ̀ rí. Ìwà burúkú kan ṣoṣo ló ní: kò lè rí àyè tó ṣófo kó má kó ẹrù sí i. Inú bàtà rẹ̀ tó há ni àlùbọ́sà ilé ń gbé.

Lọ́dún 1979, ó fẹ́ kó gààrí Kọ́bapẹ́ gba Odò Ògùn lọ sí Ẹ̀pẹ́, ìrìn ọjọ́ mẹ́fà. Ọkọ̀ pákó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún gbogbo ẹbí ló gbé. Sìlífátù, ìyàwó rẹ̀ tí kò mọ̀wẹ̀, yóò bá a lọ.

Bàbá Olújìmí, àgbà atukọ̀, ló ń di ẹrù. Ó to àpò sórí pákó kí omi má baà kàn án. Ó fi kòtò kan sílẹ̀ láàárín, níbi tí omi tó bá jò wọlé yóò kó jọ sí, tí wọn yóò ti máa fi igbá gbọ́n ọn dànù.

Mọ́nsúrù dé. “Bàbá, ta lẹ fi ibí yìí sílẹ̀ fún?”

“Omi ni.”

“Ṣé omi sanwó ọkọ̀ ni?”

“Kì í sanwó, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kò sí ìrìn tí kì í bá wa lọ.”

Àìfàgbà fẹ́nìkan ni kò jẹ́ káyé ó gún. Mọ́nsúrù yọ pákó ìsàlẹ̀ kúrò, ó ki àpò gààrí mọ́kànlá sínú kòtò, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó ki dáadáa. Ó fi igbá ìgbọ́nmi sábẹ́ gbogbo rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ni kò ti ní sọnù.

“Bàbá Yéwándé, èmi ńkọ́?” ni Sìlífátù bi ọkọ rẹ̀. “Níbo ni kí n jókòó sí?”

“Orí gààrí. Ó rọ̀.”

Bàbá Olújìmí mi orí. “Ọpẹ́lọpẹ́ ìyàwó ẹ ni mo ṣe ń bá ẹ lọ.”

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta ìrìn náà, Mọ́nsúrù ń yangàn. “Ẹ ò rí i? Ẹ̀kán omi kan ò sí nílẹ̀!”

Òótọ́ ni. Gààrí ti mu ún tán. Gààrí tó mu omi fún ọjọ́ mẹ́ta kì í sì í jókòó jẹ́ẹ́. Ńṣe ló ń wú. Kò pẹ́ tí pákó fi ké kàù! Ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ là láti orí dé ìdí. Mo ti rí gààrí tó pa ebi. N kò gbọ́ èyí tó pa ọkọ̀ rí.

Sìlífátù rì. Bàbá Olújìmí bẹ́ sómi, ó di irun rẹ̀ mú, ó sì wọ́ ọ dé èbúté, níbi tí àwọn èèyàn ti pé jọ. Nígbà tí Sìlífátù pọ omi tán, ó wo ọkọ rẹ̀ tó ti lúwẹ̀ẹ́ jáde.

“Mọ́nsúrù,” ni ó wí, “ìwọ lo fẹ́ pa mí.”

Ó pè é lórúkọ! Ẹnu ya gbogbo èrò etídò ju bó ṣe yà wọ́n nígbà tí ọkọ̀ rì lọ. Ọjọ́ náà gan-an ni Sìlífátù mú ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ l'Ọ́fàdà pọ̀n. Ẹbí gba àkóso ogún bàbá wọn lọ́wọ́ Mọ́nsúrù, kò sì sí atukọ̀ kan ní Odò Ògùn tó tún gbà á sọ́kọ̀.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Ẹni tó ń múra ìrìn jíjìn, kó kọ́kọ́ wá àyè fún ewu kó tó wá àyè fún èrè. Kí ó sì gbọ́ ti ẹni tó ti rin ọ̀nà náà rí, nítorí ẹrù tó bá bá odò lọ, a ó rí òmíràn rà; ẹ̀mí èèyàn ni kò sí lọ́jà.