Láògún àti Ẹ̀dà Àṣekẹ́yìn Pátápátá

Ní ìlú Ẹdẹ, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Láògún. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa kọ ètò tí kọ̀ǹpútà ń lò. Ẹ̀yin ọmọ mi, ó mọ iṣẹ́ náà dunjú, ṣùgbọ́n kì í gba ìmọ̀ràn. Òun ló kọ ètò kan fún ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé: bí nọ́ọ̀sì bá tẹ ìwọ̀n ọmọ sí i, yóò sọ iye oògùn tó yẹ kí ọmọ náà mu.

Nígbàkúgbà tí Láògún bá tún ètò yìí ṣe, orúkọ tó bá ṣáà ti wá sí i lẹ́nu ló máa ń fún ẹ̀dà tuntun. Ó pe ọ̀kan ní "Tuntun", ó pe òmíràn ní "Tuntun Gan-an". Nígbà tó yá, "Àṣekẹ́yìn" dé, "Àṣekẹ́yìn Pátápátá" sì tẹ̀ lé e.

Mojíbọ́lá, ọmọbìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, kọminú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa fi nọ́ńbà sí wọn. Àwọn orúkọ yìí máa dà wá láàmú lọ́jọ́ kan."

Láògún rẹ́rìn-ín. "Èmi tí mo bí wọn, ṣé mo lè ṣi ọmọ mi mọ̀ ni?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ilé ìwòsàn ní kó fi ẹ̀dà tó dé kẹ́yìn ránṣẹ́. "Àṣekẹ́yìn" ló ti parí. "Àṣekẹ́yìn Pátápátá" ni èyí tó ṣì ń fi dán nǹkan wò, tí ìṣirò inú rẹ̀ kò tíì pé. Láògún ti gbàgbé. Orúkọ ló wò, ó sì fi í ránṣẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Nọ́ọ̀sì Adúnọlá gbé ọmọ kan tí ibà ń ṣe sórí ìwọ̀n. Kíló mẹ́jọ. Kọ̀ǹpútà ní kó fún un ní ṣíbí mẹ́rin. Ó ti ń bu oògùn kí ara rẹ̀ tó kọ̀ ọ́. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀, ó pe Láògún lórí fóònù.

"Ọmọ tí kò tíì rìn, ṣíbí mẹ́rin? Irú ètò wo lo fún wa yìí?"

"Èwo ló wà lọ́wọ́ yín, mà?"

"Àṣekẹ́yìn Pátápátá."

Láògún fò dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má lò ó mọ́! Mò ń bọ̀."

Ọ̀kadà ló gùn débẹ̀. Ó yọ ètò náà kúrò, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni mo jẹ̀bi, mà."

Nọ́ọ̀sì ní kó dìde. "Mo ti fúnra mi ṣírò rẹ̀. Ṣíbí kan lọmọ mu, ó ti ń mu ọmú báyìí. Ṣùgbọ́n lọ tún ọ̀nà tí o ń gbà ṣiṣẹ́ ṣe."

Láògún padà sọ́dọ̀ Mojíbọ́lá. "Àbúrò mi, òótọ́ lo sọ. Jọ̀ọ́, báwo la ṣe máa ṣe é?"

Wọ́n jọ jókòó tì í. Wọ́n fi nọ́ńbà mẹ́ta sí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan: àkọ́kọ́ dúró fún ìyípadà ńlá, èkejì fún àfikún, ẹ̀kẹta fún àtúnṣe àṣìṣe. Iṣẹ́ tí kò tíì parí, wọ́n yà á sí ẹ̀ka ọ̀tọ̀, wọ́n pe ẹ̀ka náà ní "Ìdánwò". Ohunkóhun kò sì gbọdọ̀ ti ibẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, Nọ́ọ̀sì Adúnọlá tún pè. "Ẹ̀dà kejì, àfikún kìíní, àtúnṣe kẹta ló wà lọ́wọ́ wa. Ṣé òun ló dé kẹ́yìn?"

"Rárá mà, àtúnṣe kẹrin jáde láàárọ̀ yìí. Mojíbọ́lá ti yẹ̀ ẹ́ wò."

Lónìí, ilé ìwòsàn mẹ́sàn-án ló ń lo ètò náà, ọkàn àwọn nọ́ọ̀sì sì balẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bó ti wù kí ẹ mọ iṣẹ́ tó, ẹ má fojú tín-ín-rín ìmọ̀ràn. Ẹ má sọ nǹkan lórúkọ tí kò jẹ́. Bí ẹ bá sì ṣìṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí ẹ tún un ṣe. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.