Orí Abẹ́ Fìlà

"Ẹ̀rọ rẹ ń purọ́, dókítà!" Nínú yàrá àyẹ̀wò kan ní Tákíè, ìyá àgbà ti gbọ́wọ́ lé ikùn Ifádùnní, ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ọmọ yìí á tó kílò márùn-ún. Ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ abẹ."

"Ogójì ọdún ni mo fi gbẹ̀bí. Orí bàbá ọmọ ni mo fi ń mọ bí ọmọ ṣe tóbi tó. Ẹnikẹ́ni ò ní fọ̀bẹ kàn án. Jayéọlá, ṣí fìlà!"

Ọkọ Ifádùnní lọ́ tìkọ̀. Láti ọjọ́ ìdána, kò ṣí fìlà lójú àwọn àna rẹ̀ rí.

Ó ṣí i.

Ìyá àgbà ní láti rìn yí orí náà ká kó tó rí i tán. Ó mí kanlẹ̀.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀bẹ yín mú?"