Ayé Tí Kọ̀ǹpútà Kò Lè Gbé

Aránṣọ tún gbé kọ̀ǹpútà náà dé ṣọ́ọ̀bù, ó sì gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ti wú. Oòrùn ń mú, síbẹ̀ ẹ̀wù alápá gígùn ló wọ̀, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níbẹ̀, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Dókítà, wo ẹ̀rọ náà, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló tún dé?"

"Géèmù yẹn ni. Ó tún ń dúró."

"Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ni mò ń bi yín."

"Mo forí gbá ilẹ̀kùn."

Dókítà mú irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣí ìdérí ẹ̀rọ náà. Irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti tẹ̀ wọnú, bí ẹni pé wọ́n ti fi í lu nǹkan.

"Géèmù ọ̀hún ló ju ẹ̀rọ yìí lọ," ó wí. "Ìlú ńlá, igbó, odò, ẹṣin, àwọn èèyàn tó ń rìn kiri, mẹ́mórì ló gbọ́dọ̀ tẹ́ gbogbo wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi wé tábìlì tí ẹ fi ń gé aṣọ. Bí aṣọ bá fẹ̀ ju tábìlì lọ ńkọ́?"

"Màá ká apá kan kí n tó gé apá kejì."

"Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe nìyẹn. Ìgbà tó bá ń ká a ni gbogbo nǹkan máa ń dúró."

"Ìgbà yẹn náà ni Sójà máa ń nà mí."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka ìwọ̀n ṣòkòtò. Dókítà gbé irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

Sójà ni ẹnìkejì aránṣọ. Iṣẹ́ ológun ló ń ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan tó kán, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀. Láti ìgbà tó ti padà sílé, inú géèmù náà ló ń gbé. Níbẹ̀, kò tiro. Ó ń gun ẹṣin, ó ń dá ọkọ̀ ojú irin lọ́nà, ó ń pa ẹni tó bá dí i lọ́wọ́. Bí ayé inú ẹ̀rọ bá ń lọ geere, ilé a tòrò. Bí ó bá dúró gbagidi, ohun tó bá sún mọ́ ọwọ́ Sójà ni yóò fi lu aránṣọ. Bàtà ni lọ́jọ́ kan, àga ni lọ́jọ́ mìíràn. Àpá áyọ́ọ̀nù gbígbóná ló wà lábẹ́ apá ẹ̀wù gígùn yẹn.

"Ẹ ò ṣe lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá?"

"Mo lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn."

"Àwọn ẹbí yín ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n má sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni mọ́, pé ojú ń ti òun."

"Ẹ ò sì lè gbèjà ara yín?"

"Bí mo bá gbọ́wọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ mi ti bàjẹ́ nìyẹn." Aránṣọ fa ẹ̀rọ náà sún mọ́ Dókítà. "Ẹ ṣáà bá mi fi mẹ́mórì kún un."

Dókítà fi mẹ́mórì tó pọ̀ gan-an kún un, ó sì yọ díìsìkì àtijọ́, ó fi èyí tó yára sí i. Lẹ́yìn náà ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun yóò bá a gbé e délé.

Ilé náà mọ́ tónítóní. Ara ògiri nìkan ló ní àmì ibi tí nǹkan ti gbá a. Sójà tiro wá pàdé wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó bu omi fún Dókítà.

"Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ mú ayé padà wá fún mi."

Ó jókòó, ó fi hẹ́dífóònù bo etí. Ayé náà ṣí. Ẹṣin ré afárá kọjá, igbó sá sẹ́yìn, èéfín ìlú yọ lókèèrè, kò sí ohun tó dúró. Sójà yìnbọn lu ẹnìkan lẹ́nu, ó tẹ òkú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kọjá, ó rẹ́rìn-ín. Aránṣọ, tó fẹ̀yìn ti ògiri, mí kanlẹ̀.

Ẹṣin wọ ìlú tó tóbi jù lọ. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀, iná ń dán lára omi ilẹ̀, èrò kún ọjà. Fáànù ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Òjò dúró lófuurufú.

Dókítà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Káàdì àwòrán ni. Òun náà ní mẹ́mórì tirẹ̀, ìyẹn ló kún. Ẹ jẹ́ ká dín dídán àwòrán náà kù."

Sójà yọ hẹ́dífóònù, ó fi kọ́ sí ààyè rẹ̀. Ó fa kíbọ́ọ̀dù tu, ó dìde, ó sì fi etí kíbọ́ọ̀dù náà ṣán aránṣọ lẹ́nu. Bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù àti eyín jọ fọ́n sílẹ̀. Ó ṣán an lẹ́ẹ̀kejì, aránṣọ fi eékún kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ mú lẹ́yìn kó má baà gbé e sókè. Dókítà fò mọ́ Sójà níbàdí. Ìgbọ̀nwọ́ kan gbá a lọ́nà ọ̀fun, ó ṣubú, èémí rẹ̀ gé. Láti ilẹ̀ ló ti rí i tí Sójà gbé odindi kọ̀ǹpútà sókè, tó sì jù ú lé aránṣọ níhà. Egungun dún.

Àwọn aládùúgbò ti ń pariwo lóde, ẹnìkan ti pe ọlọ́pàá. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ilẹ̀kùn, Sójà fa ọrùn ẹ̀wù ara rẹ̀ ya, ó lọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó bú sẹ́kún. Dókítà la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ohùn kò jáde.

Ọlọ́pàá méjì já wọlé, wọ́n wo tọkọtaya náà lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀kan bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi bo Sójà léjìká, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, màdáámù, ó ti tán," èkejì sì fa aránṣọ dìde nínú ẹ̀jẹ̀, ó de ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó ní, "Ojú ò tì ẹ́, odindi ọkùnrin, o ń lu ìyàwó ẹ."