Róòbù Alhaja Hàjàrá

Róòbù náà tún ti dín. Alhaja Hàjàrá ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà tó jí lójú oorun ọ̀sán, ó sì rí ipa ìka níbi tí òun kò fi ìka kàn. Abdulmateen, ọmọ rẹ̀, ló rà á bọ̀ láti Mẹ́kà, róòbù pupa kan tó máa ń gbóná wọ eegun. Láìsí i, orúnkún rẹ̀ méjèèjì kì í jẹ́ kó lè dìde dúró kírun.

Èèyàn mẹ́ta péré ló ń gbé ilé náà ní àdúgbò Basin, nílùú Ìlọrin. Alhaji Shehu, ọkọ rẹ̀, kò mọ ohun tó ń jẹ́ ara ríro. Ó ku Saeedah, ìyàwó kékeré tí Alhaji fẹ́ lọ́dún tó kọjá.

Alhaja kò fẹ́ràn Saeedah, kò sì fi í pamọ́. Kì í jẹ oúnjẹ tó bá sè, kì í mu omi tó bá bù. Nígbà tí ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ wọlé, tó ní òun á máa bá a wọ́ ẹsẹ̀, ńṣe ló lé e jáde ní yàrá.

Nísinsìnyí, ìṣe rẹ̀ ti ń fu Alhaja lára. Lójoojúmọ́, nínú ooru ọ̀sán Ìlọrin, Saeedah á gbé omi kaná. Ta ló ń se omi fún? Tí àkókò irun Àlàásárì bá sì tó, róòbù ló máa ń rùn lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló ń rùn lọ́wọ́ rẹ?" Alhaja bi í lọ́jọ́ kan.

Saeedah kó ọwọ́ sábẹ́ híjáàbù. "Kò sí nǹkan, Alhaja."

"Kò sí nǹkan ló ń ta sánsán báyìí?"

Ó wolẹ̀, ó sì yára gba ilé ìdáná lọ.

Ohun tó ń tu Alhaja nínú ni pé ẹsẹ̀ náà ti ń san díẹ̀díẹ̀. Oògùn tó ń rà ní kẹ́míìsì kan ní Challenge máa ń gbé e sùn fọnfọn, tó bá sì fi máa jí, orúnkún á ti fúyẹ́. Rọ́bà omi gbígbóná tó máa ń gbé lé e náà, ojúlówó ni. Bó bá sùn láti Àyìlá di Àlàásárì, rọ́bà náà á ṣì gbóná dáadáa. Ó máa ń ṣàdúà fún ẹni tó ṣe é.

Ó fẹjọ́ sun Alhaji.

"Ṣé o rí i tó ń mú un?"

"Mi ò tíì rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ òórùn ọwọ́ rẹ̀."

"Hàjàrá, mi ò lè tìtorí òórùn lé ìyàwó. Ká a mọ́ ọn, wallahi, ọjọ́ náà ló máa lọ sílé bàbá rẹ̀."

Ohun tí Alhaja ń wá gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó bu ata gígún, èyí tó máa ń mú gbogbo ilé sín, ó pò ó mọ́ róòbù. Pupa ni méjèèjì, ojú kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Lẹ́yìn irun Àyìlá, ó ní kí Alhaji jókòó sí pálọ̀.

"Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. "Ẹ má lọ síbì kankan. Ẹ máa gbọ́ igbe lónìí."

Ó fẹ́ dùbúlẹ̀ bí ẹni tó sùn, kó máa ṣọ́ ilẹ̀kùn. Àmọ́ kò lè fi róòbù para lọ́sàn-án yìí, orúnkún sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ kíkankíkan. Ó fara dà á títí, ó sú u, ó gbé oògùn rẹ̀ mì. Ó ní kò séwu, igbe olè á jí òun.

Igbe jí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni igbe náà ti ń jáde: orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń jó bí iná, Saeedah sì kúnlẹ̀ lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, róòbù kún àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, rọ́bà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ omi gbígbóná sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń sunkún pé, "Ẹ forí jì mí, Alhaja, mo rò pé ẹ ti sùn ni."