Ó Ku Gìtá Díẹ̀ Nínú Ẹ̀

Ọ̀gá ẹgbẹ́ olórin náà ra ọkọ̀ tuntun, ọkọ̀ ọ̀hún kò sì gba ju ènìyàn márùn-ún lọ. Mẹ́fà ni wọ́n. Ó ní nínú onígìtá àti oníkíbọ́ọ̀dù, ẹnì kan máa lọ sílé. Etí ni yóò fi ṣèdájọ́, bí ìṣe rẹ̀: á kọ ẹ̀yìn sí wọn, á sì dijú, torí ó ní ojú a máa purọ́ fún etí.

Onígìtá kò mikàn. Ó ti ra àpótí kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀, tó ń yí ohùn gìtá padà. Bí gìtá òun bá dún bíi kíbọ́ọ̀dù, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi kíbọ́ọ̀dù ṣe?

Ọkọ àbúrò rẹ̀ ni oníkíbọ́ọ̀dù, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí onígìtá ń pè ní Àgùntàn. Òun náà ni onígìtá pè pé kó wá bá òun gbọ́ ọ. Àgùntàn jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́tí.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku gìtá díẹ̀ nínú ẹ̀."

Àgùntàn ní kó yéé fi ike ta okùn, kó máa fi ìka fà á. Ó yí bọ́tìnnì kan wálẹ̀ kí ohùn má baà ta síni létí, kó máa wú bọ̀ wẹ́rẹ́. Nígbà tó tún wá, ó gbé àpótí kẹrin tirẹ̀ dání.

Onígìtá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun ò rí irú èyí rí, òkú tó ń bá wọn wá ṣọ́bìrì tí wọ́n máa fi sin ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbẹ̀yìn, Àgùntàn ní, "Kò sí gìtá níbẹ̀ mọ́ rárá."

Lọ́jọ́ ìdánwò, onígìtá ní kí àna òun káwọ́ gbera, òun nìkan á dá a ṣe. Àna gbà. Ọ̀gá kọjú sí ògiri, ó dijú. Ohùn náà kún yàrá bí omi. Onílù pàápàá lanu sílẹ̀.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Kò yíjú padà. "Oníkíbọ́ọ̀dù, o gbìyànjú, lọ jókòó nínú ọkọ̀. Onígìtá, n ò gbọ́ ìró rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Máa lọ sílé."

"Ọ̀gá, èmi ni mo ta gbogbo ẹ̀."

"Gbogbo ẹni tí mo bá lé ló máa ń sọ bẹ́ẹ̀."

Àgùntàn ká wáyà kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ tí kò kan iná látàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gba àpótí kẹrin padà lẹ́sẹ̀ àna rẹ̀, ó sì ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Ẹ̀gbọ́n."